Ewúro Lórí Ọmú Bùkọ́lá

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Láti Ìkàrẹ́ ni mo ti wá bá Bùkọ́lá, ọmọ mi obìnrin, gbé ní Ugbor, nílùú Benin, kí n lè bá òun àti Kúnlé ọkọ rẹ̀ tọ́jú Tèmi, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ oṣù mọ́kàndínlógún.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo kọ́kọ́ fura. Aago márùn-ún àbọ̀ ni Bùkọ́lá máa ń fún Tèmi lọ́mú kó tó múra lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní GRA. Mo máa ń gbọ́ wọn láti yàrá mi: ìyá á máa kọrin jẹ́jẹ́, ọmọ á máa kùn bí ológbò. Lọ́jọ́ náà, orin dá lójijì. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lọ sí ilé ìwẹ̀, mo sì gbọ́ èébì. Tèmi wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ó la ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Mummy run." Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Benin, Gẹ̀ẹ́sì àti Pijin ló fi ń dáni lóhùn.

Mo bi Bùkọ́lá bóyá oúnjẹ alẹ́ ló ṣe é.

Ó nu ẹnu, ó ní, "Màmá, kì í ṣe oúnjẹ. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Oyún ni, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Inú mi dùn, àyà mi sì já lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe kí n tó tẹ̀síwájú. Wọ́n máa ń pe àárẹ̀ yìí ní àìsàn òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kò dá òwúrọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ohun méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Ìrìndọ̀ ni kí èébì máa gbé ènìyàn láì tíì bì. Èébì ni kí oúnjẹ jáde. Ìrìndọ̀ lè wà lára aboyún látàárọ̀ dalẹ́ kó má bì rárá. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Lójú tèmi, ìdí èébì Bùkọ́lá kò fara sin: ọmú ni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ọmú aboyún ti bàjẹ́, pé ó ń mú ọmọ tó ń mu ún ṣunú, ó sì ń gba ẹ̀jẹ̀ lára èyí tó wà nínú. N kò bi ẹnikẹ́ni rí bó ṣe mọ̀. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì bi ọmọ ilé ìwé pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo ní, "Bùkọ́lá, já ọmọ yìí lẹ́nu ọmú."

"Màmá, àsìkò yẹn nìkan la jọ ń ní. Bí mo bá fi máa dé nírọ̀lẹ́, oorun ti ń kùn ún."

"Èyí tó wà níta àti èyí tó wà nínú, èwo lo fẹ́ kó jìyà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, mo rí i. Ẹ̀rù tó ń bà á gan-an nìyẹn: kó má lọ jẹ́ pé bó ṣe ń di ọ̀kan mú ló ń pa èkejì lára.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi bá mi jà. Èébì kúrò ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ó dùbúlẹ̀ lórí àga, ó ní, "Ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe fẹ́, mà." Mo já ewúro lẹ́yìnkùlé, mo gún un, mo fi omi rẹ̀ pa á lórí ọmú méjèèjì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún èmi àti àwọn àbúrò mi. Tèmi gbé ẹnu sí i, ó tutọ́, ó wo ojú ìyá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Mummy, bad?" Ó sunkún títí oorun fi gbé e lọ lórí ilẹ̀.

Mo rò pé èébì yóò dáwọ́ dúró. Ó le sí i. Òórùn ewúro náà kò kúrò lára Bùkọ́lá, kò sì sí ibi tó lè sá sí fún àyà ara rẹ̀. Ọmú rẹ̀ kún, ó le, ó gbóná. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, omi lásán kò dúró níkùn rẹ̀ mọ́. Ìtọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí a kò bu mílíìkì sí, àtàárọ̀ ló sì ti tọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn. Bó bá dìde, òòyì á gbé e. Kúnlé gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn.

A jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Bùkọ́lá gbé orí lé èjìká mi, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ìgbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo wá rí i pé mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe.

Agbẹ̀bí tó gbà wá wọlé jẹ́ àgbà obìnrin ará Ẹdó. Bó ti bẹ̀rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó fín imú.

"Who rub this one bitter leaf?"

Kúnlé gbójú sókè, ó ń wo fáànù. Mo na ọwọ́ bí ọmọ ilé ìwé. "Na me."

Ó wo dígí ojú mi. "Mama, you be teacher?"

"I don retire."

"Ehen. Teacher dey hard to teach."

Bùkọ́lá tí kò lè gbé orí rín ẹ̀rín. Mi ò ní gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá kítóònù níbẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé bí ara kò bá rí oúnjẹ, ọ̀rá tirẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Kítóònù ni ohun tí ìjẹun náà ń fi sílẹ̀. Ó ní omi ti gbẹ lára rẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń dá èébì dúró. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn, a rí ọkàn ọmọ tó ń lù kíkankíkan.

Nígbà náà ni mo béèrè ọ̀rọ̀ ọmú. Dókítà ní ọmú aboyún kò bàjẹ́. Ó ní bí fífún ọmọ lọ́mú tilẹ̀ ń mú ilé-ọmọ súnkì díẹ̀, kì í sábà pa oyún tí ara rẹ̀ dá lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ, bí ikùn bá ń dùn, bí ìyá bá ti bímọ ṣáájú oṣù rí, tàbí bó bá jẹ́ ìbejì ló wà nínú, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Kò pàṣẹ fún Bùkọ́lá láti dúró tàbí láti máa bá a lọ. Ó ní Bùkọ́lá ni ìyá ọmọ, kó pinnu fúnra rẹ̀. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa lò nílé, ó sì ní kó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ń lò tì ná títí inú rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀.

Bùkọ́lá kò ronú pẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi fọ ewúro yìí kúrò."

Bí kì í bá wá ṣe ọmú, kí ló dé tó jẹ́ ìdájí ni èébì máa ń bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n sinmi. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo kọ ohun tí mo fi ewúro ṣe sí ojú ìwé àkọ́kọ́, mo fa ìlà sí èyí tó kù: àkókò, ohun tó jẹ, òórùn tó gbọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìdáhùn yọjú. Kì í ṣe ìgbà tí Tèmi bá mu ọmú ni ìyá rẹ̀ ń bì. Ìgbà tó bá mu ún nígbà tí inú ìyá ṣófo ni. Edé tí wọ́n ń dín ní ilé kejì ni èkejì. Oúnjẹ gbígbóná ni ẹ̀kẹta, nítorí pé òórùn ń bá èéfín rẹ̀ jáde.

A wá tún ètò ṣe. Ohun tó dúró jù níkùn rẹ̀ ni bọ̀ọ̀lì tútù. Mo ń rà á lójoojúmọ́ ní ọjà Santana, débi pé obìnrin tó ń sun ún bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀sín: "Mama Teacher, abi na you carry belle?" Mo ń gé e sínú abọ́ olómorí, mo ń gbé e síbi ìrọ̀rí Bùkọ́lá. Bó bá jí, yóò jẹ díẹ̀ nídùbúlẹ̀, yóò mu omi ní ẹnu méjì mẹ́ta, yóò sì ní sùúrù díẹ̀. Èmi àti Tèmi á máa jẹ bọ̀ọ̀lì tiwa lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn èyí, ó kan ọmú.

Orí ọmú náà ń dùn ún, bí ẹni fi kànìnkànìn gbígbẹ họ ọ́. Nítorí náà mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún. Bí mo bá ti pe ogún, Tèmi á ṣí ẹnu, á fi ọmú sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó jà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ń pariwo "Ogún!" kí n tó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn.

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ dópin. A padà lọ fún omi lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí Bùkọ́lá sunkún nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ nígbà tí oyún wọ oṣù karùn-ún.

Lásìkò kan náà, ọmú ń dín kù. Lọ́jọ́ kan, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, Tèmi sì yọ ẹnu. Ó wo ọmú náà, ó wo ìyá rẹ̀. "E don finish," ó ní. Ó mú bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bá tirẹ̀ lọ. Bùkọ́lá ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gba ọmú lẹ́nu ọmọ náà.

Oṣù pé, ó bí ọmọkùnrin, ohùn rẹ̀ sì ta bí agogo ilé ìwé. Mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ náà fún Bùkọ́lá, mo ní, "Mo ṣe é bí kò ti yẹ."

Ó ṣí i sí ojú ìwé tí mo kọ ewúro sí. "Màmá, bírò pupa yín dà?"

Mo mú un jáde, mo fagi lé ewúro náà lójú rẹ̀, bí mo ti máa ń ṣe fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara Bùkọ́lá, tó ń bọ́ ọmọ níta, tó ń mọ ọmọ nínú, tó sì ń sọ ohun tó ń fẹ́ fún wa lójoojúmọ́ nígbà tí èmi kò gbọ́. Ẹ̀yin ìyá àgbà ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí omi kò bá dúró níkùn aboyún, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń pọ́n, ẹ má ṣe lọ sẹ́yìnkùlé lọ já ewé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ jókòó tì í.