Orin Tuntun Lábẹ́ Àdúrà Ìyá Ìyàwó Mi

Orin àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn ni mo máa ń wá kiri: àwọn tó ń ta gìtá nínú yàrá, tí wọ́n fi kúbùsù bo fèrèsé kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má bàa wọlé. Ìyàwó mi sọ pé àìsàn ni. Ó ní ẹgbẹ́ mi ń ra ilẹ̀, èmi ń kó orin jọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń fi àwọn tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo sì máa ń sọ òótọ́: èyí dùn, èyí dà bí ewúrẹ́ tó há sínú ọgbà.

Ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọbìnrin kan ní Adó fi orin rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Sà, wọ́n ní ẹ kì í tan èèyàn. Ọ̀sán yìí ló yẹ kó jáde. Bí mi ò bá gbọ́ lẹ́nu yín kí aago méjìlá tó lù, màá pa á rẹ́, màá sì gbé gìtá jù sílẹ̀."

Àdúgbò Adébáyọ̀ nínú Adó náà ni mo ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyá ìyàwó mi sì ti jókòó tì mí nínú mọ́tò. Mò ń gbé wọn padà lọ sí ìlú wọn, Igbemo. Aládùúrà pọ́ńbélé ni wọ́n. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ ọmọ kì í sọ fún ìyá ìyàwó tó ń gbàdúrà pé kó dákẹ́? Àmín nìkan lẹnu rẹ̀ wà fún.

"Bàbá Ìbejì, bíréèkì mọ́tò yìí kò ní já."

"Àmín, Mọ́mì."

Wọ́n gbàdúrà fún kòtò. Wọ́n gbàdúrà fún ọlọ́kadà tó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Méjìlá ń sún mọ́lé, bí a bá sì ti jáde nílùú, nẹ́tíwọ́kì a lọ. Ǹ bá kàn kọ ọ́ pé ó dára, ṣùgbọ́n ta ní í yin ọbẹ̀ tí kò tọ́ wò? Mo pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ wo táyà ni, Mọ́mì."

"Háà! Ẹ jẹ́ n gbàdúrà lé e lórí ná."

Wọ́n di ojú. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo tẹ fóònù, mo gbàgbé pé mo ti so ó mọ́ rédíò mọ́tò. Gìtá bú jáde bí òjò lórí páànù.

Ìyá kò la ojú. Wọ́n gbé ohùn sókè. Gìtá náà gbé tirẹ̀ sókè. "Gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!" Ìlù já lu ọ̀rọ̀ wọn. Mo kígbe "Àmín!", mi ò sì mọ ẹni tí mò ń ṣe é fún mọ́. Ọmọ náà ń kọrin pé òun dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ kò dúró fún òun. Àárín orin náà gùn jù, ṣùgbọ́n ó dùn dé egungun.

Mo pa á, mo sáré kọ ọ́: "Gbé e jáde. Gé àárín èyí tó ń bọ̀ kúrú."

Ìyá la ojú.

"Bàbá Ìbejì, ṣé táyà ló ń kígbe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Orin ọmọ kan ni."

"Ọkọ̀ wá gbé e?"

"Mi ò tíì gbọ́ ìparí rẹ̀."

"Ẹ wá fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lójú títì? Ẹ tan án padà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó dé ilé."

Mo tan án. Ọkọ̀ kò gbé e. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ìyá tún di ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún bàtà rẹ̀. A kò tíì kúrò lójú kan.

Fóònù mi gbọ̀n: "Ó ti jáde, sà."

"Àmín," ni mo wí.