Obìnrin Wolé-wolé Tó Sin Bàbá Mi

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé ní Accra nítorí kòrónà ni mo kọ́kọ́ rí obìnrin náà. Ó dúró sí ẹnu géètì wa ní Madina, kò wọlé, ó sì ní kí n bá òun pe baálé ilé. Aṣọ kákí ló wọ̀, ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, eruku sì ti bo bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló rán an. Àwọn òbí wa tó ti Nàìjíríà wá ń pe irú wọn ní wolé-wolé, àwọn ará Ghana ń pè wọ́n ní tankásé. Èyí tó wù kí ènìyàn pè wọ́n, nǹkan kan náà la máa ń ṣe tí a bá gbọ́ pé wọ́n ti wọ àdúgbò: a ó yára bo ìkòkò omi, a ó gbá ẹ̀yìnkùlé, a ó sì máa bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má fún wa ní ìwé ìpẹ̀jọ́.

Bàbá mi ni baálé ilé. Àáfáà ni. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti kúrò ní Ṣakí wá sí Ghana, n kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn ju pé ó ń kọ́ ọmọ ní kéú. Abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà láàárín àgbàlá wa ni ilé kéú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Hausa, ọmọ Dagomba, orí ẹní kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí, wọ́n á máa ké Kùránì títí ohùn wọn á fi di ẹyọ kan. Ìjọba ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n ti ti mọ́sálásí pa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bàbá mi gbà pé abẹ́ igi ilé òun kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe mọ́sálásí. Àwọn ọmọ náà ṣì ń wá.

Ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi wá. Twi ló ń sọ. Twi bàbá mi kò kọjá ti ọjà, nítorí náà èmi ni mo dúró láàárín wọn tí mo ń túmọ̀. Mo rò pé òfin ló máa kà fún wa, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba òfin rárá. Ó tọ́ka sí ọmọ kan, ó béèrè lọ́wọ́ bàbá mi pé ta ni àgbàlagbà tó wà nílé ọmọ yẹn. Bàbá mi ní ìyá-ìyá rẹ̀ ni, arúgbó tí kò ríran dáadáa mọ́. Ó tọ́ka sí òmíràn. Bàbá mi ní bàbá-bàbá rẹ̀ ni, èémí rẹ̀ kì í sì í já geere tí ọyẹ́ bá dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, títí bàbá mi fi yíjú sí àwọn ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n ká ẹní, kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n sì máa ka ohun tí wọ́n ti mọ̀ níwájú àwọn òbí wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, obìnrin náà ń kọjá lọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́. Inú bàbá mi kò kọ́kọ́ dùn sí i. Ó ń ráhùn fún ìyá mi pé ṣe ni obìnrin yìí ń ṣọ́ òun bí ẹni ń ṣọ́ olè. Nígbà tó yá, obìnrin náà gbé ike omi ńlá kan tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu wá láti Asẹ́ńbìlì, bí a ti ń pe ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó gbé e ka orí àpótí lẹ́nu géètì wa, ó fi ọṣẹ sí i, kí ẹni tó bá ń kọjá lè fọ ọwọ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sọ fún un pé Mùsùlùmí ti ń fọ ọwọ́ kí kòrónà tó dé. Obìnrin náà fèsì pé ohun tí òun fẹ́ kí ó bá òun sọ fún àwọn èèyàn gan-an nìyẹn. Àwọn àgbà àdúgbò, pàápàá àwọn Yorùbá àti Hausa, ń sọ pé àrùn àwọn tó ń wọ bàálù ni, kò lè mọ ọ̀nà Madina. Bó ṣe di pé wọ́n gba ohùn bàbá mi sílẹ̀ nìyẹn, ní Yorùbá àti ní Hausa, tí ọkọ̀ agbóhùnsókè Asẹ́ńbìlì ń gbé e kiri. Bí ọkọ̀ náà bá ti ń kọjá, ìyá mi á gbé ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí kò ka ọ̀rọ̀ rédíò sí bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbòmú, nítorí pé Àáfáà ló sọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn obìnrin náà o. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá tà ní ọjà Makola lónìí ni yóò jẹ lónìí, kò sí bí ó ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní kó jókòó sílé. Nígbà tí Asẹ́ńbìlì ń pín oúnjẹ sísè ní pápá ilé ẹ̀kọ́, oúnjẹ tán nígbà tí èèyàn ṣì pọ̀ lórí ìlà, òun tó dúró síwájú wọn ni wọ́n bú. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí i tí n kò lè tún sọ. Ó dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì sọ fún wọn pé òótọ́ ni wọ́n sọ, oúnjẹ kò tó, òun á lọ sọ fún àwọn ọ̀gá òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ méjì ló gbé oúnjẹ wá dípò ẹyọ kan. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń bú ìjọba, èmi náà sì ń bá wọn bú u, ṣùgbọ́n n kò rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó gba èébú báyẹn, tó sì tún padà wá, rí.

Wọ́n ti ṣí ìlú padà, mo sì ti ń wọ ọkọ̀ akérò trotro lọ sí ọ́fíìsì mi ní Adabraka, nígbà tí ara bàbá mi gbóná. Ibà la pè é. Ìyá mi se àgbo fún un, ó mu ún, ó làágùn, a rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n mo wá rí i pé kò lè ka Fátíà já mọ́ láìsinmi. Mo pe obìnrin wolé-wolé náà lórí fóònù. Kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ aláìsàn dé láìfọn fèrè, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó níwájú. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé òun ló ní kí wọ́n má fọn fèrè náà, nítorí ó ti rí ilé tí fèrè dún lẹ́nu ọ̀nà wọn, tí ẹnikẹ́ni kò ra ọjà lọ́wọ́ wọn mọ́. Bàbá mi ṣe àlùwàlá kí ó tó jáde. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé ìdí ọkọ̀. Ó ní kí n tọ́jú ìyá mi, pé òun á máa pè wá.

Ó sì pè wá fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì ló ń gbé fóònù rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ìyá mi ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́, wọ́n pè láti ilé ìwòsàn pé ó ti ṣaláìsí.

Ikú rẹ̀ dùn wá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ló fẹ́ gba ọkàn ìyá mi lọ. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Asẹ́ńbìlì ni yóò sin ín. A kò gbọdọ̀ wẹ̀ ẹ́, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pé ọkùnrin tó wẹ òkú gbogbo àdúgbò yìí, kò ní rí ẹni wẹ òun. Kí oòrùn tó gòkè, ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká. Ẹni tó kọ́kọ́ ka Kùránì parí lọ́wọ́ bàbá mi, tí òun náà ti di àáfáà báyìí, tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, dé pẹ̀lú ìbínú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó kéú lábẹ́ igi wa ti kó ara wọn jọ síkorítà. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí ilé ìwòsàn lọ gbé Àáfáà jáde, kí ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ wá dá àwọn dúró.

Ẹsẹ̀ ni obìnrin náà fi rìn wá bá wọn, kò mú ọlọ́pàá dání. Ó la àárín wọn kọjá wọ àgbàlá wa, ó dúró lókèèrè sí ìyá mi, ó sì kúnlẹ̀. Ọmọ ẹ̀yà Ga ni, wọn kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn báyẹn. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti rí bí àwọn ọmọbìnrin wa ṣe ń kí bàbá mi. Ìyá mi ní kí ó dìde. Nígbà náà ló yíjú sí Ẹ̀gbọ́n.

"Màálàmù," ló wí, "ẹ sọ gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún un, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo bá lè ṣe, màá ṣe é. Èyí tí n kò bá lè ṣe, ibí yìí ni màá ti sọ fún yín, kì í ṣe ní itẹ́ òkú."

Ẹ̀gbọ́n ní a gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ní ìyẹn kò ṣeé ṣe. Ó béèrè pé kí ni Mùsùlùmí máa ń ṣe níbi tí omi kò bá sí. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n fèsì, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní erùpẹ̀ mímọ́ máa ń dípò omi, àti pé àwọn àgbà àáfáà ìlú ti sọ pé a lè ṣe é lórí àpò tí wọ́n dì í sí. Ó ní a gbọ́dọ̀ fi aṣọ funfun wé e. Obìnrin náà ní kí a mú aṣọ náà wá, wọ́n á fi wé e lórí àpò. Ẹ̀gbọ́n ní a gbọ́dọ̀ kírun sí i lára. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, iye èèyàn tí òfin gbà, kí wọ́n sì jìnnà síra wọn. Ẹ̀gbọ́n ní a kì í fi pósí sin wá. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti jáde lọ sójú títì, ó ń bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú oòrùn. Nígbà tó padà, ó ní wọ́n ti gbà. Ó ṣẹ́ ku èyí tó kẹ́yìn: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni a máa ń tẹ́ òkú sí, kí ojú rẹ̀ kọ sí gábàsì, níhà Mẹ́kà.

"Ẹ fi hàn wá," obìnrin náà wí.

Ó ránṣẹ́ pe àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìsìnkú. Kò sí Mùsùlùmí nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n ká ẹní kan, ó fi okùn dì í bí ènìyàn, ó fi igi ya sàréè sórí iyanrìn àgbàlá wa, ó sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ kalẹ̀, bí wọ́n ṣe máa yí i, ibi tí wọ́n máa fi erùpẹ̀ tì í lẹ́yìn kí ó má baà yí padà. Wọ́n ṣe é, kò tọ́. Wọ́n tún un ṣe. Obìnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n lọ títí Ẹ̀gbọ́n fi mi orí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìkorítà ti wá dúró sí ìta géètì, wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ pé a ń lọ gbé òkú jáde nílé ìwòsàn tán níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọkọ̀ náà gba àdúgbò wa kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Obìnrin náà ti ní kí oníkálukú dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Wọ́n dúró lóòótọ́. Mùsùlùmí gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń ṣàdúà. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ kẹ́ńkẹ́ níwájú ilé wa, ọmọ ìjọ Kírísítẹ́nì, fi aṣọ dúdú dé orí, ó tẹrí ba títí ọkọ̀ fi kọjá.

Nílé wa, obìnrin kì í sábà dé itẹ́ òkú, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé wọn, mo dúró lẹ́bàá ògiri, kò sì sẹ́ni tó lé mi. Ẹ̀gbọ́n ló ṣíwájú ìrun. Obìnrin náà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ rọ́bà funfun láti orí dé ẹsẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán. Wọ́n fi okùn sọ bàbá mi kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ sùn. Ẹ̀gbọ́n dúró lókèèrè, ó ń fi ọwọ́ júwe pé kí wọ́n yí i sí i díẹ̀, obìnrin náà sì ń sọ ọ́ fún wọn ní Ga. Nígbà tó tọ́, Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tí obìnrin náà bọ́ aṣọ rọ́bà rẹ̀ kúrò, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa. Ó jókòó sórí òkúta. Mo mú omi lọ fún un, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n má sún mọ́ òun. Mo gbé omi náà sílẹ̀, mo sì sún sẹ́yìn. Ó wá mú un, ó mu ún tán.

Ilé ni wọ́n sé wa mọ́ lẹ́yìn náà, títí àyẹ̀wò fi jẹ́ kí a mọ̀ pé àrùn kò sí lára wa. Asẹ́ńbìlì gbé ìrẹsì àti òróró wá, àwọn aládùúgbò ń gbé ọbẹ̀ sí ẹnu géètì, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á sì lọ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé àwọn kò ní gbà á, Ẹ̀gbọ́n ló yọ̀ǹda iwájú mọ́sálásí rẹ̀ fún obìnrin náà. Ìyá mi ló kọ́kọ́ jókòó, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí wọ́n tó sọ fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ìlú mìíràn. Ó wá dágbére fún wa. Ìyá mi ṣàdúà fún un ní Yorùbá, àdúà tó gùn, ó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń lọ. Bí ìyá mi bá ti sinmi, obìnrin náà á ṣe àmín. Nígbà tó parí, mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, ó ti yé òun. A sìn ín dé ibùdókọ̀, ó wọ trotro, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ìyá mi sì ń juwọ́ sí i títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà.