Àmì Ohùn Lórí Refuse

Mo gbé àmì ohùn lé ọ̀rọ̀ òyìnbó lórí, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Púráímárì karùn-ún ni mò ń kọ́ ní Kẹ́mta. Iṣẹ́ ọjọ́ náà dá lórí ọ̀rọ̀ òyìnbó tí wọ́n ń kọ bákan náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń pè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo kọ refuse sójú bọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n fi ṣe gbólóhùn. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní òun fẹ́ lọ da refuse nù. Bó ṣe pè é, kíkọ̀ ló fẹ́ lọ dà nù, kì í ṣe pàǹtí! Gbogbo kíláàsì ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo wá rò ó pé àwọn ọmọ yìí kan náà kì í ka igbá sí igba, nítorí pé àmì wà lórí rẹ̀. Mo kọ réfuse fún pàǹtí, mo kọ refúse fún kíkọ̀. Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti ń kà á ketekete.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbarà bá wa. Òun ló máa sọ bóyá wọ́n á fún mi ní lẹ́tà tó máa sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi, èyí tí mo ti ń retí láti ọdún méjì. Ó wo bọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ korò.

"Àǹtí, kí lèyí? Ta ló ń fi àmì sórí òyìnbó? Ẹ nù ún kúrò."

"Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ti ń kà á dáadáa. Ẹ gbọ́ wọn ná."

"Mi ò wá gbọ́ ọmọ. Ẹ nù ún!"

Inú bí mi. Mo na dọ́sítà sí i. "Ẹ bá mi nù ún, sà. Ọwọ́ tèmi ò ní ṣe é."

Kò gbà á. Ó jáde, kò dágbére.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé dé láti ọ́fíìsì rẹ̀. Kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mi ò ní dán irú rẹ̀ wò mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n gbàgbé lẹ́tà mi. Ọkọ mi ní kí n kọ ọ́, ṣebí bébà lásán ni. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú ọmọbìnrin yẹn nígbà tó kọ́kọ́ pè é bó ṣe yẹ.

Mo mú báírò, mo kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: I refúse. Mo tẹ àmì yẹn dáadáa, kí wọ́n má baà kà mí sí pàǹtí.