Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun Àbúrò Mi

Láràárọ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin, awakọ̀ bàálù, máa ń fi áyọ̀ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, á wá jókòó ti fóònù níwájú ilé wa ní Kétu. Iléeṣẹ́ bàálù rẹ̀ ò ní pè é. Àgbà iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè.

Bàálù kékeré ní Kánò ló fẹ́ máa wà, níbi tí àgbà ò pọ̀ sí, kó lè tètè di ọ̀gá. Dádì fàáké kọ́rí: "Ọmọ tèmi? Bàálù ńlá ni, l'Ékòó ńbí!" Orúkọ rẹ̀ wá di ìkẹyìn nínú ìwé àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń pè.

Inú ṣì ń bí mi sí Dádì. Bí bàálù bá ń kọjá, Dádì á nàka sókè, wọ́n á bi í pé: "Ṣé irú tìẹ nìyẹn?"

Àbúrò mi ò ní gbójú sókè. "Òun ni, sà. Ẹ bá mi kí ẹni tó ń wà á."