Ọjọ́ Tí Gbogbo Abúlé Jẹ́wọ́ Iná

Nígbà tí adájọ́ bi Bàbá Fìdẹ́lì pé ta ló dáná sí igbó orí òkè, ohun kan ṣoṣo tí agbẹjọ́rò rẹ̀ fẹ́ ni kó dákẹ́. Bàbá ki fìlà rẹ̀ sábíyá, ó wo adájọ́ lójú, ó ní, "Iná mi ni."

Mo wà níbẹ̀, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe ìròyìn fún rédíò ní Dassa, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi pé, "Bó o bá dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀, má bá ẹnikẹ́ni gbé nǹkan. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nìkan ni kó wà lọ́wọ́ ẹ." Mo tẹ̀ lé ìmọ̀ràn náà débi pé ìyá oníṣu kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fi igi lé mi ní ọjà Glazoué: iṣu rẹ̀ ń yí lọ sójú títì, èmi sì ń bi í léèrè bí ọjà ṣe rí.

Ẹ̀sùn Bàbá Fìdẹ́lì kì í ṣe kékeré. Àgbà abúlé kan lẹ́bàá Lèma ni. Ẹ̀ṣọ́ igbó kan ló rí èéfín lórí òkè wọn, ló bá fẹ̀sùn kàn án pé ó jó igbó tí ìjọba dáàbò bò. Ẹ̀wọ̀n ni ìjìyà irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Agbẹjọ́rò rẹ̀, Mẹ́tìrì Sẹ̀sílì, bí a ti máa ń pe àwọn agbẹjọ́rò lọ́dọ̀ wa, ti ṣètò gbogbo ẹjọ́ náà sórí ohun kan: kò sẹ́ni tó rí bàbá nígbà tó ń ṣáná.

Ṣùgbọ́n bàbá kò lè sẹ́. Inú igbó yẹn ni ìsun omi abúlé wà, lábẹ́ àpáta. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró, tí koríko kò tíì gbẹ tán, ilé kọ̀ọ̀kan á mú ògúnná láti inú ààrò tirẹ̀. Wọ́n á yí igbó náà ká, wọ́n á jó koríko etí rẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹ̀ka tútù lu iná kó má bàa wọnú. Nígbà tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ bá wá dé, kò ní rí nǹkan jẹ. Ilé tó bá sẹ́ iná yẹn ti yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú omi. Ohun tí bàbá sọ fún Mẹ́tìrì nìyẹn níta ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó wọlé: "Ọmọ mi, bí mo bá ní n kò dá a, níbo ni ìyàwó mi á ti máa pọnmi?"

Bí bàbá ṣe jẹ́wọ́ tán, Mẹ́tìrì fọwọ́ bojú. Ni Ìyá Lúsì, aládùúgbò bàbá, bá dìde láàárín èrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dá a jẹ. Iná tèmi náà wà níbẹ̀. Ilé tirẹ̀ gan-an ló pẹ́ dé lọ́jọ́ yẹn, ògúnná wọn ti fẹ́ kú."

Ògbufọ̀ kóòtù rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ di Faransé fún adájọ́. Kó tó parí, bàbá arúgbó kan lẹ́yìn ti ń jiyàn pé tòun ló kọ́kọ́ ràn. Ká tó mọ̀, gbogbo abúlé ti wà lórí ìdúró, kálukú ń du iná tirẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n jókòó, pé kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tó lè gba gbogbo wọn.

Ojú Mẹ́tìrì ti là wàyí. Ó sọ fún ilé ẹjọ́ pé oníbàárà òun kò sẹ́ iná, kò sì ní sẹ́ ẹ. Ohun tó kù ni ká mọ ohun tí iná náà ṣe. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé ẹjọ́ gòkè lọ fojú rí i. Adájọ́ gbà.

Ọ̀nà òkè yẹn kì í ṣe fún bàtà kóòtù. Adájọ́ bọ́ tirẹ̀, ó fi ọwọ́ gbé e. Nígbà tí a dé òkè, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé púpọ̀. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó òkè náà láti ìsàlẹ̀ wá títí dé etí ibi tí wọ́n ti jó ṣáájú, ó sì kú síbẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún, igi tutù minimini, omi ń kán.

Ẹ̀ṣọ́ igbó dúró, ó ń nu òógùn. "N kò gun ibí rí," ó wí fún adájọ́. "Ìsàlẹ̀ ni mo ti rí èéfín."

Ìyá Lúsì bu omi fún un nínú igbá. "Mu, ọmọ mi. Omi tó o fẹ́ tìtorí ẹ̀ kó wa lọ sẹ́wọ̀n nìyí." Ó mu ún, ó tún na igbá náà padà. Èmi náà mu.

Adájọ́ dá bàbá sílẹ̀. Ó kàn ní láti ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n máa sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kí wọ́n tó dáná.

Wọ́n sọ fún wọn lóòótọ́. Nígbà tí mo gòkè lọ́dún tó tẹ̀ lé e láti lọ gba ìròyìn, ẹ̀ṣọ́ igbó ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka tútù. Mẹ́tìrì náà wá, ó wọ bàtà tó yẹ òkè. Bàbá Fìdẹ́lì wo ẹ̀rọ ọwọ́ mi tìyanu-tìyanu.

"Ìwọ tó o mu omi wa léṣìí, ẹ̀ka tìrẹ dà?"

Kí n tó fèsì, atẹ́gùn yí, iná na ahọ́n sápá ibi tí mo dúró sí. Mo ti ẹ̀rọ bọ àpò, mo gba ẹ̀ka lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá mi ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ṣì ń wá sí rédíò láti bá wa wí. Nígbà tí mo padà dé, ó ní kí n jẹ́ kóun gbọ́ ohùn iná náà. Mo ní kò sí. Ó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi tó dúdú sí i. "Ọwọ́ mi kò ṣófo, ọ̀gá."