Ìkànnì Ọ̀fẹ́ Tó Ní Ilẹ̀ Abuja Ṣófo

Òórùn petiróòlù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni nínú yàrá àwa tíṣà, ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Durumi, ní Abuja, nígbà náà. Ẹ̀yìn fèrèsé wa gan-an ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Bí wọ́n bá ti tan án, èéfín rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ òórùn àkàrà kósé tí ìyá Háúsá kan ń dín lẹ́nu géètì, títí gbogbo wa á fi máa run bákan náà. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ JS Túù ní ìtàn. Ìwọ náà rántí pé wọ́n ti yọ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ kíláàsì fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n dá a padà sí tiwa, orúkọ nìkan ni wọ́n dá padà, kò sí ìwé kankan tó bá a wá. Èmi àti fóònù mi la jọ ń wá ohun tí a ó fi kọ́ni.

Wíwá yẹn sú mi. Ìkànnì kan á ní ọba kan jagun kí wọ́n tó bí ọba náà. Òmíràn fi iyanrìn aṣálẹ̀ àti ràkúnmí hàn mí, ó ní ìlú wa nìyẹn, èmi ọmọ Okun tí mo mọ gbogbo àpáta tó wà lẹ́yìn ilé bàbá mi! Láti ìgbà náà ni mi ò ti fọkàn tán ohunkóhun tí mo bá rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Àfi bí tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ àwùjọ ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ Èkìtì ni, aláwàdà ni. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi.

"Àǹtí, ẹ wo nǹkan. Wàhálà yín tán."

Mi ò ní parọ́ fún ọ, ìkànnì náà dára. Máàpù àtijọ́ wà níbẹ̀ tí èèyàn lè fi ìka fẹ̀. Ohùn àwọn àgbàlagbà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà láyé ìgbà kan, ìbéèrè sì wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú nìyẹn. Ta ló jókòó síbì kan tó ṣe gbogbo èyí, tí kò sì béèrè nǹkan kan? Mo wá orúkọ ẹni tó ni ín títí, mi ò rí i. Nígbà tí mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣí ẹ̀kọ́ tó kù, ó wá béèrè tirẹ̀: orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọjọ́ orí wọn, àdúgbò tí wọ́n ń gbé, àti nọ́ńbà fóònù àwọn òbí wọn.

Mo ti fóònù náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ó gbóná. "Ṣé ẹ ti kọ orúkọ àwọn ọmọ síbẹ̀?"

"Mi ò tíì kọ ọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí gbogbo wa kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kai! Àǹtí onífura! Ìtàn la fẹ́ kọ́ wọn o."

Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí ìlú yìí ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ajínigbé ló gba ẹnu gbogbo òbí nígbà náà. Àwọn tó ń gbé ọ̀nà Kuje kì í jẹ́ kí ọmọ wọn dúró lẹ́nu géètì lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí. Ta ni mo fẹ́ fi orúkọ àti àdúgbò ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́? Mo kọ̀ fún ọ̀gá wa, ojú rẹ̀ sì yí padà sí mi. Mo wá ń fura sí tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi náà. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, tó bá jáde lọ gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, etí mi á tẹ̀ lé e. Mo ń rò ó pé bóyá wọ́n ti ṣèlérí nǹkan fún un.

Ó ń lo àwọn ẹ̀kọ́ tí wọn kò tì pa. Ògiri tó pààlà sáàárín kíláàsì wa kò nípọn, nítorí náà mo gbọ́ ọ kedere lọ́jọ́ tó ń kà á sókè pé kí ìjọba tó kó wá síbí, ilẹ̀ Abuja ṣófo, kò sẹ́ni tó ń gbé orí rẹ̀. Ọmọbìnrin Gbagyi kan, ọmọ onílẹ̀ Abuja tí èmi náà ń kọ́ ní ìtàn, dá a lóhùn, ó ní, "Sà, bàbá ńlá mi ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kó jókòó. Nígbà ìsinmi, mo bá ọmọ náà lábẹ́ igi máńgòrò, kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ma, tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ẹ ò sí, ta lẹ máa lọ bá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbéjẹ́ẹ́. Mo kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìkànnì náà pé mo fẹ́ mọ ẹni tó ni ín. Nọ́ńbà kan ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Mo pè é, bàbá àgbàlagbà kan ló gbé e. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi, ó bọ́ sí Yorùbá, ó ní kí n máa bọ̀ ní ilé òun ní Life Camp lọ́jọ́ Sátidé. Ìyẹn tún dá kún ìfura mi. Mo sọ ibi tí mò ń lọ fún ọkọ mi, mo sì mú tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi dání, nítorí mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ bí òun àti bàbá náà bá pàdé. Nígbà tí a débẹ̀, mo rí i pé wọn kò mọ ara wọn rí.

Wọ́n ti géètì lẹ́yìn wa. Mo jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù lọ. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi nọ́ńbà àwọn òbí ṣe.

"Mo fẹ́ máa pè wọ́n ni," ó ní, "kí n bi wọ́n bóyá ọmọ wọn gbádùn ẹ̀kọ́ náà."

Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tó ń bà wá lẹ́rù, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ gbà mí o! Gbọ́mọgbọ́mọ lẹ pè mí?" Kí á tó mu omi tó gbé kalẹ̀ tán, ó ti yọ ibi tó ti ń béèrè orúkọ àti nọ́ńbà kúrò lórí ìkànnì náà. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń wò mí, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì parí.

"Bàbá, ẹ kọ ọ́ pé ilẹ̀ ibí ṣófo."

Ohùn rẹ̀ le. "Ó ṣófo! Mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá wọn ilẹ̀. Igbó ni, kìkì igbó."

"Ẹ má bínú sí mi, sà. Nínú igbó yẹn, ta ló ń fún yín lómi?"

Kíá ló dáhùn, bí àgbà ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá dárúkọ ìgbà èwe rẹ̀. "Obìnrin kan ló ń gbé e wá fún wa láràárọ̀. Èjìká ló fi ń gbé ìkòkò rẹ̀, kì í gbé e lórí bíi tiwa. Ọkọ rẹ̀ a sì máa fún wa níṣu…"

Ó wo ife omi tó wà níwájú wa.

"Ilé wọn ńkọ́, sà?" Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ló béèrè, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá na ọwọ́ sójú fèrèsé, ó tún fà á padà. "Títì gba ibẹ̀ kọjá," ó ní. "Àwa la sàmì sí i."

Lọ́jọ́ Ajé, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi pe ọmọbìnrin náà jáde, ó bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo kíláàsì, ó sì ní kó sọ ti bàbá ńlá rẹ̀ fún wọn.

Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Olè ni mò ń wá lórí ìkànnì yẹn. Èèyàn rere ni mo bá níbẹ̀, irọ́ tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ṣòro láti fura sí èèyàn rere, nítorí ọ̀wọ̀ a máa dí ẹni lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tíṣà tuntun pé kí wọ́n máa lo íńtánẹ́ẹ̀tì, ó wúlò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa bi í ní ìbéèrè bí ẹni ń bi àgbà: pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, àmọ́ kí wọ́n béèrè.

Kò pẹ́ tí bàbá tún ojú ewé náà kọ. Ó ní àwọn èèyàn díẹ̀ ló ń gbé orí ilẹ̀ náà. Inú mi dùn, mo gbé fóònù fún ọmọbìnrin náà kó kà á. Ó fara balẹ̀ kà á, ó tún un kà, ó gbójú sókè.

"Ma, díẹ̀ tí wọ́n ní yìí, ta ló kà wọ́n?"

Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì, mo ní kó kọ ìbéèrè rẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù fún gbogbo kíláàsì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tó mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ìtàn.