Abà Tí Odó Dákẹ́ Sí

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí Bàbá Ṣadé gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlọ̀fà. Ó ti yọ àwọn àga ẹ̀yìn kúrò, ó fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀, kí àyè lè gba ẹrù. Àwa obìnrin ìjọ la ti di ẹrù náà sílẹ̀ láti ìjẹta: gàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà, epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹja gbígbẹ, ọṣẹ, àti iyọ̀ díẹ̀. Kò sí iṣu kankan nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì ń yà mí lẹ́nu. Ará Ọ̀yọ́ ni mí. Ọkọ ló gbé mi wá síhìn-ín ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, mo sì kọ́ àwọn ọmọ wọn níwèé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò tíì rí ọmọ ilẹ̀ yìí kan tí yóò ní kí wọ́n má gbé iṣu wá fún òun. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará abà tí à ń lọ ṣe ránṣẹ́ sí wa nìyẹn: "Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó iṣu wá."

N kò ní dárúkọ abà náà gan-an, nítorí àwọn tó ń wá wọn kiri náà mọ̀wé kà. Abà Àràbà ni n ó máa pè é. Ó wà lẹ́yìn Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀, níbi tí igbó ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tí àwọn agbébọn ti gba igbó náà. Àwọn sójà àti àwọn ọdẹ dúró ní ẹ̀bá odò kékeré kan, odò yẹn ló sì di ààlà ogun. Ilé àwọn ará abà wà níhìn-ín odò, oko wọn wà lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó lè dé oko mọ́. Àwọn tó ní ọmọ ní Ìlọrin àti ní Èkó ti kó lọ bá wọn. Àwọn tó kù, àwọn ni à ń gbé oúnjẹ lọ fún.

Ní Odò-Ọwá, a dúró gbé Fúnmiláyọ̀, télọ̀ kan tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti bá wa lọ. Abà Àràbà ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àpò gánámọ́sìgò kan ló gbé dání, òfìfo sì ni.

Mo bi í pé, "Kí lo fẹ́ kó sínú ìyẹn?"

"Aṣọ ìyá mi ni, mà. Lónìí ni mò ń mú màámi bọ̀. Mo ti tún yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀, Bàbá Ṣadé á bá mi gbé wọn sọ́kọ̀."

Bàbá Ṣadé mi orí láti ìdí ọkọ̀. "Èmi kẹ̀? Ìyá rẹ tó fi pàṣán lé mi nígbà tí mo jí ìbẹ́pẹ wọn ká? Ẹ yọ tèmi kúrò."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Fúnmi kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó gbé àpò náà lé itan, ó ń ṣẹ́ ẹ po, ó ń tú u.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀sì kún fún omi, Bàbá Ṣadé sì ń yà fún kòtò bí ẹni tó ń yẹ fún ejò. Ojú mọ́ wa kí a tó wọ Ọ̀sì. A ra àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà, ọgọ́rùn-ún náírà ni ẹyọ àkàrà kan. Nígbà tí obìnrin tó ń dín in gbọ́ ibi tí à ń lọ, ó kó gbogbo èyí tó wà nínú ajere dà sínú ìwé, ó ní, "Ẹ bá mi kó o fún àwọn ọmọdé ibẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé a kò gbàgbé wọn." Owó tí mo nà sí i, kò gbà á.

Ìsọ́lọ̀-Ọ̀pin ni a kọjá lẹ́yìn náà. Ilé tó dára pọ̀ níbẹ̀, alájà, aláràbarà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló tì pa. Ìlú ńlá ni àwọn onílé ń gbé, ọdún àti ìsìnkú ló ń mú wọn wálé. Nígbà tí a dé Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀, ọjà ti ń ná, ọ̀kadà sì ń gbé ọmọ iléèwé mẹ́ta mẹ́ta. Kí ogun yìí tó dé, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ọ̀kadà ń gbà dé abà. Nísinsìnyí, kódà bí èèyàn bá fẹ́ san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kò ní rí ẹni gbé e. Bí a ṣe jáde ní ìlú, ọ̀nà náà di tiwa nìkan, a kò sì tún bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Igi gbọọrọ kan ni wọ́n fi dábùú ọ̀nà níbi tí àwọn sójà wà, wọ́n sì to àpò iyẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin sójà kan yẹ ẹrù wa wò, ó kí wa pé, "Sannu da zuwa." Hausa ni, ẹ kú àbọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọdẹ kan tó ga, tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀. Tìmótì lórúkọ rẹ̀, òun ni olórí àwọn ọdẹ, ọmọ abà náà sì ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, mà. Aago méjì ọ̀sán kò gbọdọ̀ bá yín níhìn-ín. Ẹ má fọn fèrè ọkọ̀ o."

Ìgbà tí a wọ abà ni mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti lọ sí ibi púpọ̀ láyé mi, n kò dé ibi tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èèyàn jáde, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, ìdùnnú hàn lójú wọn, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò jáde. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lábẹ́ igi ọsàn láìpariwo. Kò sí àkùkọ kan tó kọ. Wọ́n ti pa gbogbo wọn jẹ. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà lórí igi, wọ́n fi aṣọ dì í lẹ́nu.

Bàbá Dáníẹ́lì, àgbàlagbà tó ń darí ìjọ ibẹ̀, tó tún jẹ́ olórí abà, ló wá pàdé wa. "In kú abọ̀ o," ni ó wí jẹ́jẹ́. "In" ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ará Ọ̀yọ́ ti ń lo "ẹ". Ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀.

A pín ẹrù náà lábẹ́ igi ọsàn. Kò sí ìjàkadì, kò sí ariwo. Ẹni tó bá gba tirẹ̀ yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó tẹrí ba, yóò gbé e lọ. Àkàrà ará Ọ̀sì ni àwọn ọmọdé kọ́kọ́ jẹ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a parí, mo bi Bàbá Dáníẹ́lì ní ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ilé.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ní ká má kó iṣu wá?"

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé kan. Odó márùn-ún ni wọ́n dojú wọn bolẹ̀ níbẹ̀, koríko ti ń hù yí wọn ká. "Ohùn odó máa ń lọ jìnnà, ìyá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ nínú igbó, ó mọ̀ pé oúnjẹ wà, ó mọ iye ilé tó ń dáná. Láti ọjọ́ tí àwọn agbébọn ti wá ká wa mọ́lé, a kò gún iyán mọ́. Bí iṣu bá wà nílẹ̀ tí a kò lè gún un, ìrora ni. Ó sàn kí ojú má rí i."

Ilẹ̀ Ọ̀pin, àgbègbè abà yìí, ni à ń wí yìí o, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ẹni tí kò bá jẹ iyán kò tíì jẹun lọ́jọ́ náà.

Ní àkókò yìí, Fúnmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo rí i lórí ìkúnlẹ̀, àpò náà wà nílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Mo sún mọ́ wọn láti ràn án lọ́wọ́. Ìyá náà kéré lára, ó sì gbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú.

Fúnmi ń wí pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni ẹ ń dúró ṣọ́? Oko ti lọ."

"Oko kò lọ síbì kan. Àwa ni a kò lè dé ibẹ̀." Ó wò mí. "Màmá Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún un pé àlejò kì í wọlé kó sì máa kó ẹrù onílé jáde láìjẹun. Ẹ jókòó. Mo ní iṣu lẹ́yìnkùlé, mo gbìn ín síbi tí ẹnikẹ́ni kò rí. N kò lè jẹ́ kí ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún mi fi ebi lọ."

Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì yí odó kan sójú òkè.

Gbogbo èèyàn rí i. Bàbá Dáníẹ́lì sáré wá, ó ń fi ọwọ́ ṣe rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Obìnrin kan ní àwọn máa kó bá ara àwọn. Bàbá kan ní títí di ìgbà wo ni àwọn máa fi ṣe báyìí. Níkẹyìn, wọ́n ránṣẹ́ pe Tìmótì. Ó dé, ó gbọ́ ẹjọ́, ó sì bojú wo ọ̀nà odò.

Ó ní, "Ó ti di oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tíì rékọjá odò yẹn. Wọ́n mọ̀ pé a wà níhìn-ín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa kọ́ ló ń lé wọn, àwa ọdẹ àti sójà tó ń ṣọ́ odò ni. N ó sọ fún ọ̀gá àwọn sójà, n ó sì fi ọdẹ kún àwọn tó wà létí odò. Ẹ gún un."

Nígbà tí iṣu jinná, Fúnmi mú ọmọ odó kan. Bùkọ́lá, ìyàwó Tìmótì, fẹ́ mú èkejì, ṣùgbọ́n oyún inú rẹ̀ ti tóbi, wọ́n kọ̀ fún un. Èmi ni mo gbà á. Ọmọ odó àkọ́kọ́ balẹ̀. Ó dún lọ sínú igbó, ó sì dún padà. Fúnmi gún, èmi gún. Ọmọbìnrin kékeré kan tí kò tíì pé ọdún méjì bú sẹ́kún, ó sá lọ di ìyá rẹ̀ mú. Kò mọ ohun tó ń dún. Ìyá rẹ̀ gbé e, ó ń sọ sí i létí pé, "Iyán ni. Iyán ni, ọmọ mi," òun fúnra rẹ̀ sì ń sunkún.

Lójijì, a gbọ́ alùpùpù láti ọ̀nà odò. Ọwọ́ mi dúró lókè. Gbogbo àwọn obìnrin ti di ọmọ wọn mú, àwọn kan ti ń sá wọ inú ilé. Alùpùpù náà yọ: ọdẹ méjì ni, ọmọ abà ni wọ́n. Èyí tó wà lẹ́yìn bọ́ sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹ.

"A gbọ́ odó," ni ó wí. "Wọ́n ní kí n wá wò ó bóyá ẹ máa fi tiwa sílẹ̀."

Ẹ̀rín tó bú jáde! Láti ìgbà tí a ti dé, ohùn àkọ́kọ́ tó ròkè nìyẹn. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti yí odó kejì sókè, wọ́n ti yí ẹ̀kẹta. Èmi tí mo rò pé mo mọ iyán gún, ìyá Fúnmi gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi, ó ní ọwọ́ mi rọ̀ bí ọwọ́ ará Ọ̀yọ́. A fi ẹja gbígbẹ tí a gbé wá se ọbẹ̀. A jẹ, àwọn ọdẹ jẹ, sójà tó kí mi ní Hausa náà jẹ, ó sì béèrè fún òkèlè sí i.

Aago kan kọjá, ó di dandan ká máa lọ. Fúnmi tún gbé àpò náà sókè. Ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, a sì rò pé ó ti gbà. Nígbà tó jáde, àpò náà ti kún. Ó gbé e lé Bùkọ́lá lọ́wọ́.

Ó ní, "Àkísà àti ìró tí wọ́n á fi gbé ọmọ ló wà níbẹ̀. Àyè kan ló wà nínú ọkọ̀ yìí, ẹni tó ń bímọ ló ni ín. Ọ̀kadà kò lè gbé e, nọ́ọ̀sì kò sì sí níhìn-ín mọ́. Fúnmi, mú Bùkọ́lá lọ sí yàrá tí o tún ṣe. Èmi ti bí tèmi."

Fúnmi sunkún, kò bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jiyàn mọ́. Tìmótì gbé ìyàwó rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ bí ẹyin, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tètè yíjú sí ọ̀nà odò kí a má baà rí ojú rẹ̀.

Kí a tó dé Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀, òjò tún dé, ọkọ̀ wa sì rì sínú ẹrẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko ló tì wá jáde, ẹrẹ̀ sì bò wọ́n dé orí. Bùkọ́lá di ọwọ́ Fúnmi mú lójú gbogbo kòtò. Ní Ọ̀sì, a mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó ní ọmọ náà ti dorí kọ ibi tó yẹ, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá Ṣadé, tí kò bá wa wọlé, ni ó kọ́kọ́ pariwo "Ògo!" láti ìta. A fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní Odò-Ọwá, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé bẹ́ẹ̀dì sí láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Ìlọ̀fà. Ilé tí mo kọ́kọ́ yà kì í ṣe tèmi. Ilé Ìyá Sámúẹ́lì ni. Oṣù méjì sẹ́yìn ni ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ katikíìsì wa, kú. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kì í jáde, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí Bàbá Dáníẹ́lì rán mi sí i: pé àwọn ará Abà Àràbà gbọ́ nípa ikú náà, pé ojú ń ti àwọn pé àwọn kò lè wá sí ìsìnkú, pé gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

Ó tẹjú mọ́ mi. "Wọ́n gbọ́? Níbi tí wọ́n wà yẹn?"

"Wọ́n gbọ́, mà."

Mo jókòó tì í. Mo ti jáde nílé láàárọ̀ bí ẹni tó ń lọ ṣàánú, mo sì bá àwọn tó ti ń ṣàánú wa tipẹ́, láìní ohunkóhun lọ́wọ́ ju ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Ẹ̀kọ́ tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyẹn: ogun lè gba oko lọ́wọ́ èèyàn, kò tíì gba ìwà ọmọlúàbí lọ́wọ́ wọn, kò sì sọ wọ́n di alágbe lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Aládùúgbò wa ni wọ́n, bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyá Sámúẹ́lì gbé orí sókè. "Ṣé wọ́n ní iyọ̀?"

Mo ní a kó iyọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò pọ̀.

"Iyọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń tán," ni ó wí. Ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó sì jáde lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀.